Ìdìmú tó já mọ́ mi lọ́wọ́ lórí Ọya: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Òkun o, ẹ̀yin ará. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, síbẹ̀ àyà mi ṣì ń já bí mo bá rántí. Ẹ̀yin tí ẹ ń fọwọ́ ara yín kan káyàkì onípákó, ọkọ̀ kékeré tí à ń fi àjẹ̀ wà, bíi tèmi, ẹ dákun, ẹ ka èyí kí ẹ tó tún de síkúrù kan mọ́ orí ọkọ̀ yín.

Kàbà ni mò ń gbé. Láti ọdún 2022 tí omi ti bo títì láàrin Lọ́kọ́ja àti Koton Karfe ni ọkàn mi ti wà lára ọkọ̀ ojú omi. Pákó pẹlẹbẹ mìlímítà 4 ni mo fi kan tèmi, mo fi epoxy, ìyẹn gọ́ọ̀mù olómi méjì tí à ń pò pọ̀ kó lè gan, àti aṣọ fáíbà bò ó, ó ń dán gbinrin. Àwọn ìdìmú orí rẹ̀ tí à ń so okùn mọ́ ni mo fojú kéré. Mo gé igi arère, mo de síkúrù kéékèèké méjì méjì mọ́ ọn, ó parí.

Lọ́jọ́ náà, Ọya ti kún, ó pọ́n bí ẹrẹ̀. Àbúrò mi wà níwájú nínú ọkọ̀ apẹja kan. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì kan sáré kọjá, ìgbì rẹ̀ gbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọkọ̀ mi dojú dé. Mo wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì o, kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ bi mí. Mo yọ ara mi jáde, mo rọ̀ mọ́ ìdìmú iwájú. Apẹja náà, bàbá àgbà kan, ará Ọ̀wọ́rọ̀, yí padà, ó ju okùn sí mi.

“Ọmọ mi, so ó mọ́ iwájú ọkọ̀, kí o má jù ú sílẹ̀!”

Mo so ó. Wọ́n fà á. Ọkọ̀ tí omi ti kún inú rẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré láti fà. Mo gbọ́ ìró kan, pá, bí ìgbà tí èèyàn ń pa ẹ̀pà, okùn náà sì dẹ̀. Mo wo ọwọ́ mi. Ìdìmú arère náà wà níbẹ̀ lódindi, kò là, kò ṣẹ́. Síkúrù méjèèjì ṣì wà lára rẹ̀, fọ́nrán pákó funfun lọ́ mọ́ eyín wọn. Ọkọ̀ mi sì ń lọ. Ikùn rẹ̀ kọjú sókè, ó ń yí bírí bírí, omi ń gbé e lọ sí ìsàlẹ̀ níbi tí Ọya ti pàdé Bẹ́núè. Iṣẹ́ ọwọ́ mi fún oṣù mẹ́jọ. Mo ń pè é bí ẹni ń pe ọmọ. Àbúrò mi ń kígbe, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ di okùn mú!” Mi ò gbọ́ títí bàbá náà fi gbá apá mi mú, tó wọ́ mi sínú ọkọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn apẹja bá wa rí i nínú koríko etí odò. Mo ti tún un ṣe.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ ni àtìlẹ́yìn, ìyẹn pákó kejì tí à ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ pákó orí ọkọ̀, ní ibi tí ìdìmú wà lókè. Pákó mìlímítà 4 kò ní ara tí síkúrù lè rọ̀ mọ́. Ẹnìkan ní epoxy mi ni kò dára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Pákó ni síkúrù fà yọ, epoxy kò lọ́wọ́ sí i rárá. Bàbá yẹn fi iwájú ọkọ̀ tirẹ̀ hàn mí: inú igi tó nípọn ni ihò okùn rẹ̀ wà, kì í ṣe lára ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òkè.

Nísinsìnyí, igi apá ni mò ń lò. Fọ́nrán igi gbọ́dọ̀ bá gígùn ìdìmú lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò là lókè ihò okùn. Mo ń fi sáńpépà pa etí ihò náà kó má baà máa gé okùn. Lábẹ́ pákó, mo fi epoxy lẹ àtìlẹ́yìn mìlímítà 6, ó fẹ̀ ju ìdìmú lọ ní ìka méjì yíká. Mo lu ihò mìlímítà 10 já gbogbo pákó àti àtìlẹ́yìn, mo fi epoxy tí mo pò mọ́ lẹ́búlẹ́bú igi dí i pa. Nígbà tó gbẹ, mo lu ihò mìlímítà 5 sáàárín rẹ̀ fún bóòtù tí kì í dípẹtà, mo sì fi wáṣà fífẹ̀ sábẹ́. Omi kò ní rí ojú pákó wọ̀. Ẹ má po epoxy púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà o, nínú ooru tiwa yìí, ife tèmi rú èéfín, ó sì rọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Kí ẹ sì fún un ní ọjọ́ méje kí ẹ tó fà á. Ṣùgbọ́n bí ẹ dúró fún oṣù kan láìsí àtìlẹ́yìn, ibì kan náà ni ẹ máa bá ara yín.

Mo dán an wò lórí àjẹkù pákó tí mo gbé ka àpótí méjì. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ kílò 50. Mo so ọ̀kan kọ́ ìdìmú tí mo ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀, kò tíì fi ilẹ̀ sílẹ̀ tán tí síkúrù fi yọ. Èyí tó ní àtìlẹ́yìn gbé àpò méjì láti alẹ́ mọ́jú, mi ò rí kí pákó tẹ̀.

Ìdìmú mẹ́jọ ló wà lórí ọkọ̀ mi. Mo ti pààrọ̀ márùn-ún. Títí mẹ́ta tó kù yóò fi parí, mi ò ní gbé e dé etí omi.