Ìdọ̀bálẹ̀ Ojú Omi

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Tísà. Ọmọ Òmù-Àrán ni, ẹ̀kọ́ ilé sì kún inú rẹ̀ débi pé ó máa ń dọ̀bálẹ̀ fún àgbà lórí fóònù. Ojú mi báyìí ló ṣe nà gbalaja sínú eruku lọ́jà Ìpàta, nítorí pé ìyá rẹ̀ ń bá a sọ̀rọ̀ láti ilé. Àwa ọmọ Ìlọrin, púpọ̀ nínú wa kì í bá ara wa fa ìyẹn. A ó lóṣòó, a ó kí èèyàn, ó parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí pamọ́ sápò fún mi, mo ń bọ̀ wá gbà á.

Kí ló wá kan Tísà kan odò? Ọmọge ni. Bàbá ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, kò sì sí fàájì mìíràn tó mọ̀ ju kó máa dẹ ìwọ̀ lójú omi Asa Dam lọ. Ẹni tí kò bá tíì débẹ̀ lè rò pé adágún kékeré kan ni. Odò Ásà tó la Ìlọrin sí méjì yìí náà ni wọ́n sé síbẹ̀ kí ìgboro lè rí omi ẹ̀rọ lò, omi ọ̀hún sì tẹ́ rẹrẹ lọ débi tí ojú ò ti tó o mọ́. Láàárọ̀ kùtù, ọkọ̀ pákó àwọn apẹja á ti wà káàkiri, kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí wọ́n so mọ́ àwọ̀n á máa léfòó síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹpìyà àti àrọ̀ ni wọ́n sábà máa ń kó bọ̀.

Tísà wá rò ó pé bí òun bá mọ ẹja pa, òun àti àna òun yóò rí nǹkan sọ. Ó ra ọ̀pá ìwọ̀ olówó ńlá, ó ra dígí ojú, ó ní kí n sin òun. Wàrà tó ṣèlérí fún mi ni mo tẹ̀ lé, n ò ní parọ́.

Apẹja tó fẹ́ gbé wa, Tápà ni, Ẹ̀gbọ́n la ń pè é. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jókòó sílẹ̀, ẹ má dìde. Bó bá dojú dé, ẹ di ọkọ̀ mú. Pákó ni, kò ní rì." Ó ju láìfù jákẹ́ẹ̀tì sí wa lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Sípù ti Tísà ti bàjẹ́, ó bá wọ̀ ọ́ kọjú sẹ́yìn, ó ní kí n fi okùn so ó lẹ́yìn òun.

A dé àárín omi. Tísà sọ fún ekòló pé "ẹ má bínú" kó tó fi kọ́ ìwọ̀. (Ekòló o! Ó pè é ní ẹ!) Títí oòrùn fi là, ẹja ò tiẹ̀ yẹ ìwọ̀ rẹ̀ wò. Ẹ̀gbọ́n ló ń fa tiẹ̀ jáde, tó ń jù wọ́n sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí omi inú rẹ̀ ò tó nǹkan. Kò pẹ́ tí ẹpìyà fi dákẹ́, ṣùgbọ́n àrọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún, nítorí àrọ̀ lè mí afẹ́fẹ́, kì í tètè kú.

Ibẹ̀ la wà tí ọkọ̀ kan fi yọ lẹ́yìn òṣíbàtà. Bàbá ọmọ ló jókòó sí i.

"Ṣé Tísà nìyẹn?"

Mo rí i tí orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo di ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú. "Tísà, má dán an wò!" Ẹ̀gbọ́n kígbe, "Jókòó!" Ẹnu wa ò tíì padé tó ti dìde dúró.

"Ẹ káàárọ̀ o, sà!"

Ó dọ̀bálẹ̀. Bó bá tiẹ̀ nà sí gígùn ọkọ̀, bóyá à bá bọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ni àna rẹ̀ wà, ọmọlúàbí kan kì í sì í dọ̀bálẹ̀ kó kọ orí síbòmíràn. Ìbú ọkọ̀ ló nà sí, ìbú ọkọ̀ ò sì gbà á. Orí àti àyà kọjá sí òdì kejì, ọkọ̀ tẹ̀ lé wọn. Ká ní ọmọ Ìlọrin ni, tó rọra lóṣòó sílẹ̀ ọkọ̀, à bá ti jẹ wàrà wa lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Nígbà tí mo yọrí, mo di ọkọ̀ mú. Ẹ̀gbọ́n náà dì í mú, ó ń fi èdè Tápà sọ̀rọ̀. N ò gbọ́ Tápà, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ yé mi. Àrọ̀ ti lọ láìdágbére. Ọ̀pá ìwọ̀ olówó ńlá ti lọ, fóònù ti lọ. Tísà ńkọ́? Jákẹ́ẹ̀tì tó kọjú sẹ́yìn yẹn ló gbé e léfòó, àyà nísàlẹ̀, ẹ̀yìn lókè, apá nà síwájú. Ìdọ̀bálẹ̀ náà ló ṣì wà!

Ó jàjà rí kẹ́ẹ̀gì kan dì mú, ó gbórí sókè, ó pọ omi dànù, ó ní, "Ṣé dáadáa la jí, sà?"

Bàbá ọ̀hún, ìdáhùn tó mọ́ ọn lẹ́nu ló fi dá a lóhùn: "Ó tó, ọmọ mi, dìde."

Kó dìde dúró sórí kí ni?

Àjẹ̀ ni wọ́n nà sí i tí wọ́n fi fà á wọnú ọkọ̀ wọn. Títí a fi gúnlẹ̀, bàbá ń rẹ́rìn-ín, omijé ń dà lójú wọn. Wọ́n ní ẹni tó bá lè kí òun báyìí nínú ibú kò ní bú òun nílé, kó kó ẹbí rẹ̀ wá.

Lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, alága ìjókòó pàṣẹ pé kí ọkọ ìyàwó dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀. Bàbá fò dìde, wọ́n ní, "Ó ti ṣe é! Ó ti ṣe é!" Alága ní òun ò sí níbẹ̀, kó tún un ṣe tàbí kó sanwó. Tísà ti ń tẹ́ agbádá sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, tí a pè síbi ìnáwó, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láìsọ nǹkan kan, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di tábìlì mú.