Wọ́n Ní Kí N Fi Àtíkè Bo Ilà Ojú Mi

Ẹ̀yin ará ilé, tí òyìnbó bá pè yín wọ ọ́fíìsì, tó kọ́kọ́ bi yín bóyá ẹ ó mu tíì, ẹ yáa jókòó dáadáa. Ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ kò dára. Ọ̀gá wa níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Leeds po tíì fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbé bísíkíìtì tì í, ó rẹ́rìn-ín títí, kó tó wá sọ pé ọmọ ọ̀kan nínú àwọn arúgbó wa kọ̀wé wá, pé ojú mi ń dẹ́rù ba ìyá òun. Ṣé mi ò lè máa fi àtíkè tó nípọn díẹ̀ kunjú tí mo bá ń bọ̀ níbi iṣẹ́? Ilé iṣẹ́ ló máa san owó àtíkè náà.

Ẹ wo inúure!

Pélé mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n kọ fún mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹ ti rí ojú mi níbi tẹ́ ẹ wà yẹn. Ohun tó dùn mí jù ni pé ìyá arúgbó tí wọ́n ń sọ yìí, ọ̀rẹ́ mi ni. Iyè rẹ̀ ti ra, kì í rántí orúkọ mi, àmọ́ láràárọ̀ tí mo bá ń wọṣọ fún un, á na ìka sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, á máa kà á: ení, èjì, ẹ̀ta. Á bọ́ sí apá kejì. Tó bá kà á tán, á ní, "Ó pé." Ìgbà yẹn ló tó máa gbà kí n fi oúnjẹ sí òun lẹ́nu. Ọmọ rẹ̀ tí kì í yọjú àfi Kérésì àti ọjọ́ ìbí ló wá mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á.

Ká sòótọ́, ilé náà ò kúkú kẹ́ mi. Ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo, nígbà tá a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ológbò ni wọ́n ń pè mí. Tí mo bá wọ kíláàsì, ẹnì kan á ké "miyáò" lẹ́yìn, tíṣà pàápàá á fi ìwé bojú rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n tí agogo oúnjẹ bá lù, ẹni tó ké miyáò yẹn náà ló máa bu àkàrà rẹ̀ fún mi. Òyìnbó kì í ké miyáò. Lẹ́tà ló máa kọ, á sì kí ọ kú iṣẹ́ ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Tí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, miyáò ni n ó mú. Kódà ẹ̀rọ tó ń yẹ ojú wò ní pápákọ̀ òfuurufú kì í yọ mí lẹ́nu: á wò mí, á wo páálí mi, á ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀rọ lásán-làsàn.

Ìyá bàbá mi ló ní kí wọ́n kọ mí. Aláró ni, àdìrẹ ẹlẹ́kọ ló ń ṣe. Á fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ funfun kó tó rì í sínú aró, ibi tí ẹ̀kọ bá sì wà, aró ò ní mu ún. Aṣọ tí kò bá lọ́nà lára, ìyá yìí ò kà á sí aṣọ. Ọjọ́ kan tí màámi fi mí tì í, tó lọ sọ́jà Ìgbọ̀nà, ló ránṣẹ́ sí olóòlà. Kí màámi tó dé, wọ́n ti ń kán omi ìgbín sójú ọgbẹ́. Nígbà tí wọ́n bí àbúrò mi, màámi ò gbé e sílẹ̀ títí ó fi ń rìn. Ojú rẹ̀ mọ́ roro.

Ìdí nìyẹn tí ìwàásù "Ọlọ́run ò ṣe àṣìṣe lára ẹ" ṣe máa ń há mi lọ́fun. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá wa níbí, tí pásítọ̀ bá ti ka Sáàmù 139, ẹsẹ̀ 14, "tẹ̀rù-tẹ̀rù àti tìyanu-tìyanu ni a dá mi," àwọn tó ń bóra á tẹjú mọ́lẹ̀, gbogbo wa á ní àmín. Dúdú mi, imú mi tó fẹ̀, ẹsẹ̀ mi gbọọrọ, mo gbà, Ọlọ́run ló ṣe é. Pélé ńkọ́? Ọlọ́run kọ́ ló mú abẹ.

Ní 2020, nígbà Kòrónà, gbogbo wa là ń wọ ìbòmú níbi iṣẹ́. Ikú ń wọlé, ó ń jáde. Àwọn ọmọ ń dúró sẹ́yìn fèrèsé láti dágbére fún ìyá wọn. Èmi ń dúpẹ́ nínú mi pé kò sẹ́ni tó ń wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Nígbà tí wọ́n ní ká bọ́ ọ, ó pẹ́ kí n tó bọ́ tèmi. Mo ní ikọ́ ń ṣe mí. Lóru, tí ọkọ mi bá ti sùn, mo máa ń wá iye tí àwọn dókítà ń gbà láti fi iná lésà pa àpá rẹ́. Ohun kan tún wà lórí fóònù tó ń pa ilà rẹ́ nínú fọ́tò. Mo dán an wò. Obìnrin tó jáde síbẹ̀ wò mí bí ẹni tí kò mọ ará Òṣogbo kankan rí. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ìgbà tí ẹkún gbà á lọ́wọ́ ẹ̀rín.

Mo wálé ní Disẹ́ńbà, mo ní kí n sinmi ojú. Lẹ́yìn ìsìn, ní ṣọ́ọ̀ṣì kan lápá Òkè-Fíà, ìyá aládùúrà kan di ọwọ́ mi mú. Ó ní májẹ̀mú ìdílé ló wà lójú mi yẹn, àfi kí n wá fún ìtúsílẹ̀. Ó ṣí Léfítíkù 19, ẹsẹ̀ 28, ó kà á sókè: ẹ kò gbọdọ̀ sín gbẹ́rẹ́ sí ara yín nítorí òkú. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, òkú ta ni wọ́n tìtorí ẹ̀ kọ tèmi?" Ó ní ẹ̀mí àríyànjiyàn náà wà lára mi.

Màámi, tí kì í dá sọ́rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ló dá a lóhùn. "Mo bínú sí ìyá ọkọ mi títí ó fi kú. Mi ò ní gbà kí ẹ̀yin náà tún máa bínú sí ojú ọmọ mi." Ó fà mí lọ́wọ́, a wọ kẹ̀kẹ́. A ti kọjá oríta Ọláìyá kó tó tún sọ̀rọ̀. "Ọgbẹ́ yẹn ò tíì jinná tí mo fi gbé ẹ lọ fún ìsàmì. Mo fẹ́ fi ìborùn bò ọ́ lójú. Àlùfáà ní kí n ṣí i, pé ojú yẹn lòun fẹ́ da omi sí."

Mi ò gbọ́ èyí rí láyé mi.

Látìgbà yẹn ni mo ti ń ka Sáàmù yẹn kọjá ibi tí àwọn pásítọ̀ ń dúró sí. Ẹsẹ̀ 16 ní, "Ojú rẹ ti rí ohun ara mi tí ó wà láìpé." Ó ti rí mi kí olóòlà tó pọ́n abẹ, ó sì mọ ohun tí ìyá aláró yẹn máa ṣe, kò tìtorí ẹ̀ ní kí n má wáyé. Ẹ tún wo Jòhánù 20. Ara àjíǹde ni Jésù gbé wọlé tọ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, síbẹ̀ ojú àpá ìṣó ló ní kí Tọ́másì fi ìka kàn. Ẹni tó jáde nínú ibojì, ṣé àpá ló máa ṣòro fún un láti pa rẹ́? Tèmi ò tíì dà bí tirẹ̀ o. Àwọn àárọ̀ kan ṣì wà tí mo máa ń fọ eyín láìwo dígí.

Mo ti fún ọ̀gá lésì. Mo ní mi ò ní kun nǹkan kan, mo sì rán an létí Equality Act ti ọdún 2010, òfin tí kò fàyè gba kí wọ́n fi ẹ̀yà tàbí ìran ẹni jẹ ẹ́ níyà níbi iṣẹ́. Mo ní kí ọmọ ìyá yẹn wá láàárọ̀ ọjọ́ kan, kó wo ìyá rẹ̀ bó ṣe ń kà á. Mo kí i kú iṣẹ́ ní ìsàlẹ̀. Wọ́n ti gbé mi lọ sí iṣẹ́ alẹ́ "fún ìgbà díẹ̀ ná," ìpàdé sì wà ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lápá Leeds, tẹ́ ẹ bá mọ lọ́yà tàbí ará ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó ti bá èèyàn jókòó nírú ìpàdé bẹ́ẹ̀ rí, ẹ bá mi wí fún un. Ẹni tó máa gba jọ́lọ́ọ̀fù dípò owó ni mo fẹ́ jù.