Ohùn Ìyá Àgbà

Ọjọ́bọ̀, alẹ́. Kábà.

Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni laptop mi ti ń dún. Kẹ́, kẹ́, kẹ́, á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé eruku ọyẹ́ ni. Mo tilẹ̀ ra flash 32GB, mo ní n óò kó ohun inú rẹ̀ síbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Ìbéèrè ìdánwò àwọn ọmọ JSS 2 nìkan ni mo rí kó sí i. Flash náà wà nínú báàgì mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Lánàá, mo tàn án, kò wọlé mọ́.

Mo gbé e lọ bá ọmọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kò gbọ́ ariwo náà lẹ́ẹ̀mejì tó fi sáré pa á. "Àǹtí, ẹ má tàn án mọ́ o. Bí ẹ ṣe ń tàn án yìí, ńṣe lẹ̀ ń fá a." Ó mú hard disk kan tó ti kú tipẹ́ jáde, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun gbogbo pamọ́ sí, ó ṣí i fún mi kí n wò ó. Awo roboto kan ló wà nínú rẹ̀, ó ń dán bíi dígí, apá tín-ín-rín kan sì nà lé e lórí. Ó ní irú èyí máa ń yí ìgbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n ṣóńṣó apá yẹn kì í kan awo. Atẹ́gùn tí yíyí rẹ̀ ń dá sílẹ̀ ló ń gbé e dúró. Àlàfo àárín wọn kò tó hóró eruku. Ọjọ́ tó bá kàn án, ohun tó wà níbi tó họ ti lọ nìyẹn. Mo rí ojú ibi tó ti họ: ìlà kan yí awo náà po, bí ẹni fi ìṣó fa ara dígí.

Ó ní òun kò ní ṣí tèmi, pé yàrá tí eruku kò sí rárá ni wọ́n ti ń ṣí i, òun kò sì ní gba owó mi kí òun tún ba ìyókù jẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Fọ́tò ìgbéyàwó wà lọ́wọ́ àwọn àbúrò mi. Ìwé ẹ̀kọ́, mo lè tún un kọ. Ohùn Ìyá àgbà ni n kò mọ ibi tí mo ti fẹ́ rí i. Fóònù tí mo fi gbà á sílẹ̀, mo ti tà á. Ilẹ̀ sì ti mu ìyá.

"Òkun o" ló fi ń bẹ̀rẹ̀ nígbà gbogbo, ìkíni tí wọ́n wá fi ń pe gbogbo wa, Yàgbà, Ìjùmú, Òwé, Bùnú, Owórò. Ọmọ Bùnú ni. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń tú òwú pupa jáde lára aṣọ òyìnbó láti fi hun aṣọ ipò, tí wọ́n fi ń sin àwọn èèyàn ńlá. Ó wúkọ́ láàárín ọ̀rọ̀, ó ní kí n bu omi wá, ẹ̀rọ ṣì ń gbà á.

Mo mú ìwé lálẹ́ yìí, mo ní kí n kọ èyí tí mo rántí. Mo kọ ọ́ dé ibi títú òwú, mo dúró. Ṣé ó ní wọ́n ń kọ́kọ́ rẹ aṣọ náà sómi ni, àbí gbígbẹ ni wọ́n ń tú u? Àbúrò rẹ̀ ṣì wà ní Bùnú. Mo ti pè é, mo ní mò ń bọ̀ ní Sátidé.