Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì já omi yẹn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, bá a ṣe ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyàwó kan tó wà nínú oyún oṣù mẹ́jọ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní àǹtí, tí mo bá ń rọbí tí nọ́ọ̀sì wá ní òun fẹ́ já omi mi, ṣé kí n gbà? Mo ní kó wá ibì kan jókòó ná, ọ̀rọ̀ yẹn gùn. Já omi ni pé kí wọ́n lu àpò omi tó yí ọmọ ká nínú ikùn, kí omi ẹ̀ tú jáde. Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì o. Ọmọ méjì ni mo bí, wọ́n já omi ti àkọ́kọ́ láì bi mí, ti ìkejì èmi fúnra mi ni mo ní kí wọ́n já a, gbogbo ohun tí mo mọ̀ ò kúrò láàárín méjèèjì àti ìwé díẹ̀ tí mo kà.

Ti àkọ́kọ́, 2019 ni, ọsibítù aládàáni kan ní Akúrẹ́ níbí, mi ò ní dárúkọ wọn. Nǹkan bí aago méjì òru, màmá nọ́ọ̀sì kan wọlé, wọ́n ní kí n la ẹsẹ̀, mo rò pé wọ́n kàn fẹ́ fi ìka wò mí bí wọ́n ṣe ń ṣe bọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ ni. Àfi bí wọ́n ṣe fa nǹkan gígùn kan yọ nínú ọ̀rá, ẹnu ẹ̀ tẹ̀ bí ìkọ́. Ẹ mọ abẹ́rẹ́ táwọn onídìrí fi ń fa irun kíróṣẹ̀? Bó ṣe rí gan-an nìyẹn, ó kàn gùn jù ú lọ ni. Kí n tó ní kí lẹ fẹ́ fìyẹn ṣe mà, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ti tú yàà, ó ń ṣàn gba abẹ́ ìdí mi lọ sẹ́yìn, mo rò pé mo ti tọ̀ sára, mo tiẹ̀ ń bẹ̀ wọ́n pé ẹ má bínú mà. Wọ́n ní, "Kì í ṣe ìtọ̀, mo bá ẹ já omi kó lè tètè yá ni."

Ṣé ó wá yá? Mi ò lè sọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kí wọ́n tó já a, inú á ro mí, á lọ, màá mí, màá tiẹ̀ tòògbé díẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n já a, ìkan ò tíì lọ tí òmíràn fi ń dé. Ìgbà tó yá ni mo mọ̀ pé omi yẹn dà bíi tìmùtìmù níwájú orí ọmọ, tó bá ti lọ orí á wá máa tẹ ẹnu ilé ọmọ ní tààrà, òun ló ń jẹ́ kí ìrora le sí i. Mo bí ní àárọ̀ yẹn, ọmọ dáadáa, èmi náà dáadáa, mi ò lẹ́jọ́ kankan. Àmọ́ ó ṣì ń dùn mí, torí gbólóhùn kan péré ni ì bá gbà wọ́n, "Ìyàwó, a fẹ́ já omi ẹ, ìdí rèé." Wọn ò sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ n sọ tẹnu mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Akúrẹ́ nígbà tí Mímíkò jẹ́ gómìnà Oǹdó, ẹ ó rántí Abíyè, ètò ìjọba fún àwọn aláboyún, 2009 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́dọrẹ, gbogbo ìpolówó rédíò ló ń sọ pé káwọn aláboyún máa bọ̀ ní ọsibítù, ọ̀pọ̀ wa sì wá lóòótọ́, ó dáa. Àmọ́ a dé ọsibítù tán, ṣe la kàn ń sọ pé "yes mà," kò sẹ́ni tó kọ́ wa pé èèyàn lè wà lórí bẹ́ẹ̀dì kó ṣì béèrè ìbéèrè.

Nígbà tí mo lóyún ìkejì mo wá kàwé. Ìwádìí 15 ni wọ́n kó jọ ní 2013, obìnrin tó lé ní 5,500 ló wà níbẹ̀, wọn ò rí i pé jíjá omi nìkan ń dín wákàtí ìrọbí kù ní pàtó fún ẹni tí ìrọbí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fúnra ẹ̀. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, náà ò fọwọ́ sí i pé kí wọ́n kàn máa já omi ẹni tí ìrọbí ẹ̀ ń lọ dáadáa torí kó má bàa pẹ́. Àmọ́ iṣẹ́ gidi wà fún un o, ẹ má jẹ́ kí àwọn èèyàn WhatsApp tàn yín jẹ pé ìkà ni. Tí ìrọbí bá dúró sójú kan, tàbí wọ́n fẹ́ fi dírípù bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, tàbí wọ́n fẹ́ mọ àwọ̀ omi, torí tó bá jáde ní àwọ̀ ewédú, ọmọ ti yàgbẹ́ sínú ẹ̀ nìyẹn, wọ́n á ní láti máa ṣọ́ ọ. Kò sì dun ọmọ, àpò yẹn ò mọ ìrora. Ìka tí wọ́n tì bọ̀ ọ́ gan-an ló dùn mí ju ìkọ́ lọ.

Ibi tó ti léwu ni tí orí ọmọ bá ṣì wà lókè. Omi á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, okùn ìwọ́ lè bá a ṣáájú ọmọ bọ́ sílẹ̀, orí á wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò ní dé ọ̀dọ̀ ọmọ mọ́, iṣẹ́ abẹ kíákíá nìyẹn. Ẹni tó bá ní HIV náà, kó rán wọn létí kí wọ́n tó fọwọ́ kan omi ẹ̀, kó má bàa ran ọmọ. Tó bá sì ti já, ilẹ̀kùn ti ṣí fún kòkòrò nìyẹn, kí wọ́n dín ìka bíbọ̀ kù.

Ó di 2024, ọsibítù mìíràn. Ẹnu ilé ọmọ mi ti ṣí dé sẹ̀ǹtímítà 5. Nọ́ọ̀sì kékeré kan wọlé, ó ní, "Mọ́mì, wọ́n ní ká já omi yín, ṣé kò sí wàhálà?" Ó bi mí! Omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Mo ní kí ló fà á? Ṣé orí ọmọ ti wọlé dáadáa? Tá a bá dúró díẹ̀ ńkọ́? Ó wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀, ó ní ká má parọ́, kò sí nǹkan tó ṣe yín o, àwọn méjì ló ń dúró de bẹ́ẹ̀dì yìí níta. Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín títí ìrora fi gbé mi. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì já omi yẹn.

Dókítà ò fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọ́n gbà, wọ́n ní àwọn á máa gbọ́ ọkàn ọmọ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mo ń rìn lọ rìn bọ̀ ní kọ́rídọ̀, mo di ìyá ọkọ mi mú lọ́rùn, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn wíńdò. Mo dé 8, mo dúró síbẹ̀. Wákàtí mẹ́ta, 8 náà ni, ìrora sì ń rọlẹ̀ dípò kó máa le. Dókítà padà wá, mo bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta yẹn náà, ìdáhùn ti yàtọ̀: ìrọbí ti dúró, orí ọmọ ti wọlé pátápátá, tá a bá dúró sí i á kàn rẹ̀ mí ni. Mo ní ẹ já a.

Wọ́n já a, wọ́n gbé kiní bíi fèrè yẹn lé mi níkùn lójú ẹsẹ̀, wọ́n ń ka bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù, 140 ní ìṣẹ́jú kan, wọ́n ní ó dáa, torí láàárín 110 sí 160 ni wọ́n ń fẹ́. Omi yẹn mọ́, ó kàn funfun díẹ̀ bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì. Kò pé wákàtí kan tí ọmọ fi dé. Mi ò ní búra pé omi jíjá ló ṣe é.

Ìyá ọkọ mi nìkan ni inú wọn ò dùn tán. Láti ìgbà tí mo ti ní kí wọ́n má já a ni wọ́n ti ń rò ó lọ́kàn pé bóyá ọmọ á bá àpò ẹ̀ jáde, ká sọ ọ́ ní Òkè. Ọmọ Ìdànrè ni wọ́n, mo ní màámi, ṣé òkè wọ́n yín nílé ni? Ọmọ ti ní orúkọ tiẹ̀, ó wà nínú ìwé ìbí. Àmọ́ tí wọ́n bá ń wẹ̀ ẹ́ lẹ́yìnkùlé, tí wọ́n rò pé mi ò gbọ́, "Òkè mi, gbé apá sókè" ni wọ́n ń sọ fún un.