Géètì tó ṣí sílẹ̀ ló gbówó mi

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí owó, torí owó ló jẹ́ kí n jókòó kọ nǹkan yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lóru, aago méjìlá ti fẹ́ lù, ó ti rẹ̀ mí dé eegun, mo bọ́ọ́lẹ̀ ní tésàn rélùwéè kan tí mi ò ní dárúkọ ẹ̀ jàre, mo gun àtẹ̀gùn dókè, mo rí i pé gbogbo géètì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni tó máa ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì fífẹ̀ yẹn, tó máa ń bá àwọn tó gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ wá ṣí i, kò sí níbẹ̀. Mo bá kọjá lọ tèmi bí ẹni tó ń wọ pálọ̀ bàbá ẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì mo wo owó tí wọ́n yọ nínú àkáǹtì mi, ariwo ni mo fi bọnu. Owó tí mo fi ń lọ tí mo fi ń bọ̀, wọ́n ti yọ jùyẹn lọ torí àbọ̀ nìkan.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò le rárá, mi ò tápù jáde ni. Ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, téèyàn bá wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ tàbí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn rélùwéè tó ń rìn láàárín ìlú, tó sì jẹ́ káàdì Oyster, ìyẹn káàdì tí wọ́n ń kó owó ọkọ̀ sí, tàbí káàdì báǹkì ló ń lò, ó gbọ́dọ̀ fi kan ojú yẹ́lò tó ń ka káàdì lára géètì nígbà tó bá ń wọlé, kó tún fi kàn án nígbà tó bá ń jáde. Ibi méjèèjì yẹn ni kọ̀ǹpútà máa wò kó tó mọ iye tó máa gbà. Tí kò bá rí ìkejì, kò mọ ibi tó o bọ́ọ́lẹ̀ sí, kì í sì í ro rere sí èèyàn, iye tó ga jù ló máa kàn yọ. Ìrìn àjò tí kò parí ni wọ́n ń pè é. Èmi ti wẹ̀, mo ti jẹun, mo ti sùn, lójú kọ̀ǹpútà mo ṣì wà nínú tréènì.

Inú bí mi lóòótọ́, mo ní tí wọ́n bá fẹ́ kí n fi káàdì kan nǹkan kí ló dé tí wọ́n ṣí géètì sílẹ̀? Àṣé tí kò bá sí òṣìṣẹ́ tó máa dúró ti géètì, wọn ò gbọ́dọ̀ tì í, torí tí iná bá ṣẹ́ yọ tàbí tí nǹkan míì bá lé àwọn èèyàn jáde, wọ́n á há sínú. Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, mi ò lè bá wọn jà sí i. Àmọ́ ojú yẹ́lò yẹn kò sùn o. Géètì yanu sílẹ̀ ni, ó ń ríran. Géètì tó tì pa ló fẹ́ràn èèyàn jù, á dì ẹ́ mú, iná pupa á tàn, àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ á máa pòṣé, ojú á tì ẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n owó ẹ á wà lápò ẹ.

Àwọn tésàn DLR, ìyẹn rélùwéè kékeré tó ń rìn ní apá ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ló burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Látìgbà tí wọ́n ti ṣí i ní 1987, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò ní géètì. Òpó kékeré kan tí wọ́n gbé ojú káàdì lé ló máa ń dúró ní kọ̀rọ̀, tó o bá ń sáré báyìí o ò ní rí i, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Nàìjíríà á kàn rò pé ọ̀fẹ́ ni, ó di ìgbà tí àwọn tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò bá wọlé pẹ̀lú ẹ̀rọ lọ́wọ́.

Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀, ọ̀rẹ́ mi kan ló jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n, òun náà sì fi owó kọ́ ọ ni. Káàdì báǹkì ẹ àti fóònù ẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ àkáǹtì kan náà ni wọ́n ti ń fa owó, méjì ni wọ́n lójú géètì. Nọ́ńbà tí fóònù ń fi ránṣẹ́ kì í ṣe nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára káàdì. Aago ọwọ́ náà dá dúró tiẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi yìí fi fóònù wọlé, bátìrì kú lójú ọ̀nà, ó yọ káàdì ó fi jáde, inú ẹ̀ ń dùn pé géètì ṣí. Ìrìn àjò tí kò parí méjì ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún un, ó sì sanwó méjèèjì. Ohun tó o bá fi wọlé ni kó o fi jáde o, kódà tó bá jẹ́ aago ni.

Màmá mi wà lọ́dọ̀ mi báyìí, wọ́n wá láti Ìbàdàn nínú oṣù tó kọjá. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mú wọn lọ sí tésàn, wọ́n dúró síwájú géètì wọ́n ń wo àwọn ìlẹ̀kùn kékeré méjì yẹn bó ṣe ń ṣí tó ń pa dé, pá, pá, pá. Wọ́n ní, “Ṣé kò ní gbá mi mọ́ àárín báyìí?” Mo ní rárá mà, ẹ kàn gbé káàdì lé e. Wọn ò yọ káàdì, odindi pọ́ọ̀sì ni wọ́n gbé lé e, pọ́ọ̀sì tí káàdì báǹkì mẹ́ta wà nínú ẹ̀, àti ATM ti Nàìjíríà náà. Iná pupa. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ yọ ẹyọ kan, tó bá rí méjì lẹ́ẹ̀kan náà ó lè mú èyí tí ẹ ò fẹ́. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n gbé e lé e jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń gbé ọmọ tó ti sùn lé bẹ́ẹ̀dì, géètì ṣí, ni màmá mi bá kúnlẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní “Ẹ ṣé o, ẹ kú iṣẹ́.” Géètì ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ o! Oyìnbó kan lẹ́yìn wa rẹ́rìn-ín.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mi nínú ọkọ̀ ni pé kọ́ńdọ́ dà. Mo ní kò sí kọ́ńdọ́ mà. Wọ́n ní ta ló wá ń gbowó? Ìbéèrè gidi ni. Ẹni tó bá dàgbà sínú “ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o”, tí kọ́ńdọ́ ń fi ìka tọ́ èèyàn léjìká, “owó dà níbẹ̀ yẹn?”, ó mọ̀ pé kò sí bó ṣe lè gbàgbé láti sanwó. Ọkọ̀ danfó ò ní géètì ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ó ku ti ojú pínkì. Ní àwọn tésàn bíi Canada Water, Stratford, Highbury & Islington, ẹ máa rí ojú káàdì kan tó jẹ́ pínkì, kì í ṣí géètì kankan. Tó bá jẹ́ pé o ò gba àárín ìlú kọjá, ìyẹn Sóònù 1, tó o sì fi káàdì kàn án níbi tó o ti ń pààrọ̀ ọkọ̀, wọ́n á mọ̀ pé ọ̀nà ẹ̀yìn lo gbà, owó ẹ lè dín kù. Ọdún méjì ni mo fi kọjá lára ẹ̀ kí n tó mọ iṣẹ́ tó ń ṣe.

Tíkẹ́ẹ̀tì oníbébà ní tiẹ̀, tó bá jẹ́ ti àlọ nìkan, géètì tó o fi jáde á gbé e mì. Tí ọ̀gá ibi iṣẹ́ ẹ bá máa dá owó yẹn padà fún ẹ, má fi sẹ́nu géètì, òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni kó o fi hàn kó ṣílẹ̀kùn fún ẹ.

Àwọn tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò yìí, ẹ má fi wọ́n ṣeré. Láti January 2023, £100 ni owó ìtanràn lórí ọ̀pọ̀ rélùwéè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ tún máa san owó ọkọ̀ lé e, tẹ́ ẹ bá tètè san án kí ọjọ́ 21 tó pé ó di £50. Ìyẹn sàn o, torí wọ́n lè gbé èèyàn lọ sílé ẹjọ́. Òfin tí wọ́n máa ń lò, 1889 ni wọ́n ṣe é, ẹ bá mi rò ó wò, lọ́dún yẹn àwọn ọmọ ogun Kírìjì ò tíì túká lọ sílé, rélùwéè tó dé Ìbàdàn ní 1901 kò tíì sí rárá. Ní August 2024 ni adájọ́ Paul Goldspring wá sọ pé wọ́n ti ń gba ẹ̀yìn dá ẹjọ́ òfin yìí. Ọ̀nà kúkurú kan wà níbí tí adájọ́ kan ṣoṣo á jókòó ní kọ̀rọ̀, á ka ìwé, á dájọ́, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ò ní yọjú, òfin ò sì fàyè gba ọ̀nà yẹn fún irú ẹ̀sùn yìí. Ẹjọ́ tó lé ní 70,000 ni ọ̀rọ̀ yẹn kàn. Mo mọ̀ pé olè wà nínú wọn, àwọn tó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn èèyàn kọjá géètì, ẹ ti rí wọn, ṣùgbọ́n mo tún mọ̀ pé àwọn tó gbàgbé bíi tèmi wà níbẹ̀.

Nígbà tí mo lọ sílé ní December, mo wọ Blue Line, rélùwéè Èkó, láti Mile 2 dé Marina, tésàn márùn-ún, káàdì Cowry. Èyí tó wù mí níbẹ̀ ni pé èèyàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ọmọkùnrin kan tó wọ yúnífọ́ọ̀mù, ó ń sọ fún àwọn àgbàlagbà pé “ẹ rọra mà, ẹ jẹ́ kó dún kẹ́ ẹ tó gbé e kúrò.” Ìyẹn ni mo ṣe máa ń sọ pé ẹ̀rọ nìkan ò tó.

Owó tèmi sha, mo lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sọ ibi tí mo bọ́ọ́lẹ̀ sí fún wọn, wọ́n dá èyí tó lé padà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Mo sọ ọ́ fún màmá mi, mi ò mọ̀ pé wọ́n fi sọ́kàn. Lánàá, lẹ́yìn ìsìn alẹ́, a jọ bọ́ọ́lẹ̀ ní tésàn yẹn náà, géètì tún ṣí sílẹ̀. Mo ti dé ìta, mo ti ń wo bọ́ọ̀sì, mo wẹ̀yìn mi ò rí wọn. Inú ni wọ́n ṣì wà, wọ́n dúró síwájú géètì tó ṣí sílẹ̀, wọ́n ń tú báàgì, àwọn èwe ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá fìrì. Wọ́n rí káàdì náà, wọ́n gbé e lé e, ó dún, wọ́n ní “ẹ ṣé o.” Wọ́n wá jáde síta, wọ́n wò mí lójú.

“Ìwọ ńkọ́, ṣé o ti fi kàn án?”

Mo padà wọlé lọ.