Ẹ mú àlejò yín dé ìdí agbada gàrí

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń ṣe tíṣà láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ṣàgámù, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́ pé wọ́n ti ń gbé ètò exchange lé ọ̀pọ̀ yín lọ́wọ́ báyìí, pé kí àwọn ọmọ wa àtàwọn ọmọ òkè òkun jọ máa kẹ́kọ̀ọ́ nípa oúnjẹ ìbílẹ̀ àti bá a ṣe ń tọ́jú àyíká. Èmi àti ilé ìwé kan ní Jámánì la jọ ṣe tiwa, orí Zoom la ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n wá sọ́dọ̀ wa, àwọn ọmọ wa náà lọ sọ́dọ̀ wọn. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo kó sílẹ̀ yìí, èyí tó bá wúlò fún yín ẹ mú un.

Ẹ kọ́kọ́ ṣọ́ra fún ìpàdé staff room. Kí wọ́n ṣáà ti gbọ́ pé àlejò ń bọ̀, aṣọ ẹgbẹ́ ni gbogbo èèyàn máa kọ́kọ́ sọ, ó di ìlù, ó di jọ̀lọ́ọ̀fù àti adìyẹ. Kò burú o, a kì í gba àlejò lọ́wọ́ òfo, pàápàá nílẹ̀ Ìjẹ̀bú tá a ti mọ ayé jẹ. Àmọ́ kí lọmọ Jámánì fẹ́ kọ́ nípa Ìjẹ̀bú nínú jọ̀lọ́ọ̀fù tí tòmátì rẹ̀ ti òkè Ọya wá, tí ìrẹsì rẹ̀ sì lè jẹ́ ti Thailand? Ìkọ́kọrẹ́ ńkọ́? Ẹ gbé ewùrà fún wọn kí wọ́n fọwọ́ ara wọn rin ín, kó yún wọn lọ́wọ́ díẹ̀, kí wọ́n rí bí wọ́n ṣe ń ju ú sínú omi ọbẹ̀ tó ti ń hó, tòun ti epo, ata, edé àti ẹja gbígbẹ. Ẹ̀ẹ̀rùn ni ewùrà máa ń pọ̀ lọ́jà, torí náà tó bá jẹ́ June lẹ pè wọ́n wá, ẹ má fi ìkọ́kọrẹ́ ṣèlérí. Ẹ má sì pè wọ́n wá lọ́sẹ̀ Ojúde Ọba, mo mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an lọkàn yín wà, àmọ́ lọ́jọ́ kẹta Iléyá ta ló ráyè kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní iṣẹ́ gàrí, hòtẹ́ẹ̀lì gan-an ti kún fọ́fọ́.

Ìdí gàrí yẹn ni ẹ̀kọ́ wà jù. Gbogbo ọmọ wa ló ń mu gàrí Ìjẹ̀bú, wọ́n á ní kíkan rẹ̀ ló jẹ́ kó dùn, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n pé kí ló mú un kan, wọ́n á máa wojú ara wọn. Wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á dì í sápò, wọ́n á fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó kan, wọ́n á fi jáàkì fún omi rẹ̀ jáde, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á wá yan án. Kì í ṣe adùn nìkan ni wọ́n ń torí ẹ̀ ṣe é. Sáyánáìdì, májèlé kan, wà nínú ẹ̀gẹ́, lílọ̀ àti kíkan ló ń tú u sílẹ̀, fífún àti yíyan ló ń lé e lọ. Àwọn ìyá wa tí ò wọ lábù rí ni wọ́n ń ṣe kẹ́mísírì yìí láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Jámánì ló wá béèrè pé omi tó ń ro látinú àpò yìí, ibo ló ń lọ? Ìyá tó ń yan gàrí rẹ́rìn-ín, ó ní ibi tó bá wù ú ni. Òótọ́ sì ni, ẹ wo ilẹ̀ ìdí jáàkì, koríko kì í hù níbẹ̀, àwọn ọmọ wa sì ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ nídìí ẹ̀. Ìbéèrè yẹn la fi ṣe iṣẹ́ títí táàmù fi parí. A bu omi ẹ̀gẹ́, a ti bébà litmus aláwọ̀ búlúù bọ̀ ọ́, ó pọ́n, ìyẹn ni pé ásíìdì wà nínú ẹ̀. A gbin àgbàdo sínú ike, a ń fi omi kànga rin apá kan, a ń fi omi ẹ̀gẹ́ rin apá kejì, àwọn ọmọ ń ya fọ́tò ránṣẹ́ sí Jámánì bí ewé apá kejì ṣe ń pọ́n tó ń rọ. Lẹ́yìn náà la padà lọ bá àwọn ìyá, a jókòó, a ò lọ wáàsù fún wọn. Wọ́n ní àwọn náà mọ̀ pé omi yẹn ò dáa, pé tí àwọn bá gbẹ́ kòtò, tí òjò bá ti rọ̀ ó ti kún nìyẹn. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti di ti ibi tó yẹ kí kòtò wà àti ohun tá a lè fi bò ó, àwọn ọmọ ya àwòrán ẹ̀ lóríṣiríṣi, èyí tó ṣeé ṣe àtèyí tí ò ṣeé ṣe.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ná owó lé orí àwọn ìyá yẹn. Ìgbà tí wọ́n bá ń dá ọmọ yín lóhùn, agbada wọn ń tutù, igi wọn ń jó lásán. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ ra gàrí wọn, kẹ́ ẹ sì gbàṣẹ kí ẹnikẹ́ni tó gbé fóònù sókè. Ní Jámánì wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbé fọ́tò ọmọ wọn síta láìjẹ́ pé òbí fọwọ́ sí i, kí ló dé tí fọ́tò ìyá tiwa á fi jẹ́ ọ̀fẹ́?

Nígbà tó kàn wá láti lọ, ìgò ló kọ́kọ́ ya àwọn ọmọ wa lẹ́nu. Láti 2003 ni wọ́n ti ń san sẹ́ǹtì 25 lé ọ̀pọ̀ ìgò àti agolo ohun mímu tí wọ́n máa ń jù nù, tó o bá dá a padà wọ́n á dá owó ẹ padà fún ẹ. Lẹ́yìn náà làwọn ilé ìwé méjèèjì wá wọn oúnjẹ tí ọmọ ṣẹ́kù sórí àwo. Tiwa kéré, inú àwọn ọmọ wa ń dùn pé àwọn ti borí, mo ní ẹ dúró ná, ewúrẹ́ ló ń jẹ tiwa, èèpo ẹ̀gẹ́ gan-an kì í délẹ̀, ẹ wá lọ wọn náílọ̀nù píọ̀ wọ́tà, gbogbo ẹ̀ pa rọ́rọ́. UNEP, àjọ tó ń rí sí àyíká lábẹ́ àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé, sọ pé bílíọ̀nù 1.05 tọ́ọ̀nù oúnjẹ ni ayé dà nù ní 2022, inú ilé àwọn èèyàn ni nǹkan bí 60 nínú 100 ẹ̀ ti wá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n béèrè èyí tó le náà, irú bí ìdí tí EU, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, fi dá ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà dúró ní 2015, nítorí oògùn apakòkòrò dichlorvos, èyí tá a mọ̀ sí Sniper, tí wọ́n bá nínú ẹ̀. Ojú á tì yín díẹ̀, kò pa èèyàn.

Èyí tí inú mi dùn sí jù ni ewé eéran tá a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Èso pupa kan wà nídìí ẹ̀ tí ohun adùn inú ẹ̀, thaumatin, fi bí ìlọ́po 2,000 dùn ju ṣúgà lọ, ọmọ wa kan ló rí i lára páálí ṣíńgọ́ọ̀mù lọ́hùn-ún, E957 ni wọ́n kọ, nọ́ńbà tí wọ́n ń fi dá a mọ̀ ní Yúróòpù. Irú igbó Ọmọ ní Ìjẹ̀bú wa níbí, tí UNESCO ti kọ mọ́ àwọn igbó tó ń ṣọ́ láti 1977, lewé yìí ti ń hù. Bí wọ́n bá ń gé igi tí wọ́n ń fi kòkó rọ́pò ẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń já ewé á máa jìnnà sí i.

Ti ìwé àti ẹrù ló kù. Tó bá jẹ́ ìgbà òtútù wọn, aago wa àti ti Jámánì dọ́gba, láti Sunday tó kẹ́yìn nínú March títí dé èyí tó kẹ́yìn nínú October wọ́n á fi wákàtí kan ṣíwájú wa, ẹ kọ ọ́ sí ara ògiri torí Zoom. Ní ti Schengen visa, ìyẹn visa tí wọ́n fi ń wọ Jámánì àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, òfin wọn fagi lé owó visa fún ọmọléèwé àti tíṣà tó tẹ̀ lé wọn lọ fún ẹ̀kọ́, àmọ́ iléeṣẹ́ tó ń gba fọ́ọ̀mù lè gba owó iṣẹ́ tiẹ̀, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹran ò gbọdọ̀ wọ EU, ewùrà tútù náà ò lè wọlé láìní ìwé ẹ̀rí pé kò lárùn, ẹ wá a ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Áfíríkà lọ́hùn-ún. Ẹja gbígbẹ ní tiẹ̀ ń wọlé, kìlò 20 ni wọ́n fàyè gbà fún ẹnì kan, ẹ dì í dáadáa kó má lọ rùn mọ́ aṣọ ẹgbẹ́ yín.