Níbo Ni Ìgbẹ́ Rẹ̀ Yóò Máa Lọ?

Nígbà tí mo lọ sílé fún ìsìnkú, ní abúlé wa tí kò jìnnà sí Kàbà, mo bá ìpàdé lójúde ọba. Àwọn àlejò méjì wá tọrọ ilẹ̀ lẹ́bàá odò tí à ń pọn, kí wọ́n lè dá oko ẹlẹ́dẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní ẹlẹ́dẹ̀ 5,000 ni àwọn yóò fi bẹ̀rẹ̀. Inú àwọn ọ̀dọ́ ń dùn nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ṣèlérí, títí ìyá àgbà kan fi dìde, tó kí wọn ní "Òkun o" bó ti yẹ, tó sì bi wọ́n pé: "Ẹ̀yin ọmọ mi, níbo ni ìgbẹ́ rẹ̀ yóò máa lọ?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn kò sì dáhùn.

Bàbá mi sin ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìnkùlé, nítorí náà òórùn wọn kò ṣàjèjì sí mi. Ìgbẹ́ wọn la fi ń ṣe ajílẹ̀, kì í sì í tó. Ìyá mi àti àwọn ìyàwó ilé yòókù a máa du ú nítorí ata àti ewédú wọn. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ kan tó ti ń tó ọjà lè tó kílò 4 lóòjọ́. Ti 5,000 á jẹ́ tọ́ọ̀nù 20 lójoojúmọ́, àti ọjọ́ ọdún pàápàá.

Ní ìlà-oòrùn North Carolina, ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti rí ìdáhùn sí ìbéèrè ìyá àgbà yẹn. Ńṣe ni wọ́n ń ṣan ìgbẹ́ láti abẹ́ ilé ẹlẹ́dẹ̀ lọ sínú kòtò tó fẹ̀ bí adágún, tí wọ́n á sì máa fọ́n omi rẹ̀ sórí pápá. Ní agbègbè Duplin, ẹlẹ́dẹ̀ tó bíi mílíọ̀nù 2, ènìyàn ibẹ̀ kò sì tó 60,000. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1995, ọ̀kan nínú àwọn adágún yìí ya ní agbègbè Onslow, nǹkan bíi mílíọ̀nù 25 gálọ́ọ̀nù ṣàn wọ odò, ẹja sì kú lọ súà. Lọ́dún 1997 ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà dá gbígbẹ́ adágún tuntun dúró, ṣùgbọ́n àwọn ti tẹ́lẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn aládùúgbò, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú, lọ sílé ẹjọ́ nítorí òórùn àti eṣinṣin. Wọ́n jàre lọ́dún 2018, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì tún dá wọn láre lọ́dún 2020. Lọ́dún 2018 kan náà ni àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ọ̀hún dín ọ̀nà kù fún ẹni tó bá tún fẹ́ pe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Èyí ló dùn mí jù.

Kànga ni ọ̀pọ̀ ilé ń mu lọ́dọ̀ wa. Bí ìgbẹ́ bá pọ̀ ju ohun tí ilẹ̀ lè gbà lọ, ó lè mú kí iyọ̀ náítréètì wọ inú omi abẹ́ ilẹ̀. Ojú kì í rí i, imú kì í gbọ́ ọ, sísè kì í mú un kúrò, ó sì léwu fún ọmọ ìkókó.

Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ṣùgbọ́n òfin kan tún wà láti ọdún 1992 tó ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ipa tí iṣẹ́ ńlá yóò ní lórí àyíká wò, kí wọ́n sì gbọ́ ọ̀rọ̀ ará ìlú. Ìwé àyẹ̀wò yẹn ni mo ní kí àwọn àgbà béèrè kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ka. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń bínú sí mi, ó ní mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun.

Àwọn àlejò náà ní àwọn yóò mú ìwé náà wá. Wọn kò tíì padà, ṣùgbọ́n òpó símẹ́ńtì mẹ́rin tí awọnlẹ̀ wọn rì sí ẹ̀bá odò ṣì wà níbẹ̀, àwọn ọmọdé sì ń sá aṣọ lé wọn.